Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀: Ẹ Jẹ́ Ká Kúrò Ní Ọ̀wẹ̀, Ká Bọ́ Sí Àáró

Jabi wà lára àwọn àdúgbò tí gbogbo Nàìjíríà ti ń pàdé ní Abuja. Adágún omi wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń rìn yí ká nírọ̀lẹ́, ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí ní 2015 sì wà létí rẹ̀. Gáréèjì tún wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Èkó àti Kàdúná láàárọ̀ kùtùkùtù. Òpópónà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ìyẹn NCDC, wà ní òpópónà Ebitu Ukiwe, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FMC Jabi náà kò sì jìnnà. Àdúgbò tí èrò, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn bá ti pàdé báyìí yẹ kó lè pèsè ẹ̀jẹ̀ tó máa lò. Síbẹ̀, káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, ojú mọ̀lẹ́bí aláìsàn ni wọ́n ṣì ń wò nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ́n. Àwọn tó fẹ́ tún èyí ṣe kò ṣọ̀wọ́n. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ mọ́sáláṣí, àwọn àgùnbánirọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ́sítéètì máa ń yọ̀ǹda ara wọn láti ṣètò ọjọ́ ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ náà á dé, òjò á rọ̀, ọkọ̀ á pẹ́, àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí gbà kò ní tó ìdajì èyí tí wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n á wá káwọ́ gbera pé àwọn ṣáà ti gbìyànjú. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là jù. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, àti ọjọ́ kẹwàá ni.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì. Ọ̀wẹ̀ ni ìgbà tí iṣẹ́ ńlá bá já lu ènìyàn, bíi kí ó kọ́lé tàbí kí ó ṣe oko àna, tó wá pe ará àti ojúlùmọ̀ jọ. Wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ kan, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró yàtọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mélòó kan ló ń dá a sílẹ̀: lónìí oko tèmi, lọ́tùnla oko tìrẹ, títí yóò fi yípo, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ìgbà tí igbó bá fẹ́ gba oko ẹnì kan kó tó jáde, nítorí ọjọ́ ti wà nílẹ̀. Ọ̀wẹ̀ nìkan ni a mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà. Aláboyún á wọ yàrá ìbímọ, dókítà á ní kí ọkọ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ dípò èyí tí wọ́n fẹ́ lò, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù láti ọ̀dọ̀ àbúrò dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde, ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Bí gbogbo wọn ṣe ń sá kiri yìí, aláìsàn ń wo òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àìní náà ṣe tóbi tó. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, máa ń lò ni pé kí iye àpò ẹ̀jẹ̀ tí orílẹ̀-èdè ń gbà lọ́dún tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùgbé rẹ̀, ó kéré tán. Fún Nàìjíríà tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì àpò lọ́dún kan. Bí a bá ka àwọn olùgbé Olú-ìlú Àpapọ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta péré, 30,000 àpò ni yóò kàn wọ́n. Ọjọ́ ìtọrẹ tí àpò 30 bá ti jáde ti ṣe dáadáa. A jẹ́ pé Abuja nílò 1,000 irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún, nǹkan bí 19 lọ́sẹ̀ kan. Àwọn tó ń retí ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò láàárín wa. WHO ti ṣírò pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ sára ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé wọn. Ní 2020, nǹkan bí 82,000 obìnrin ni wọ́n ṣírò pé ó kú nítorí oyún àti ìbímọ ní ilẹ̀ yìí, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ sì wà ní iwájú nínú ohun tó ń fa irú ikú yìí. Ọjọ́ ńlá kan ṣoṣo lọ́dún, ìbáà ṣe ní Jabi ìbáà ṣe níbòmíràn, kò lè kájú èyí. Ohun tó lè kájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ kéékèèké tó ń yípo.

Ẹnì kan lè sọ pé àwa ọmọ Nàìjíríà kò kọ̀ láti ṣàánú, pé nígbà tí àjálù bá dé a máa ń jáde. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀, ó pa ènìyàn tó lé ní 70, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Àwọn ará Abuja jáde lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì fi hàn pé àánú kọ́ la ṣaláìní. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a gbà láàárọ̀ ọjọ́ àjálù ní láti kọ́kọ́ gba inú àyẹ̀wò kọjá kí ó tó wọ ara ẹnikẹ́ni, nígbà tí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò lè dúró. Èyí tó ti wà nínú fíríìjì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni yóò gbà á là. Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lọ́nà tó dunni. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn ènìyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó farapa tó sì nílò rẹ̀ kò pọ̀, nígbà tó sì yá, ju 200,000 àpò lọ ni wọ́n dà nù nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà nínú àpò tí a sábà ń lò kì í ju ọjọ́ 35 lọ nínú fíríìjì. Àwọn èròjà kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ojú ọgbẹ́ dì kì í ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Ohun tó ń bàjẹ́ kíá báyìí kò ṣeé kó jọ sínú àká bí àgbàdo. Bí ọjà ọrọọrún ni ó yẹ kó rí: kò sẹ́ni tó ń lu agogo láti kéde pé ọjà ọ̀la ni, gbogbo ìlú ti mọ̀, olùtà á dé, olùrà á dé. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun ẹ̀jẹ̀ yìí, a ti gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́.

Ìdí kejì tí ìpadàbọ̀ fi ṣe pàtàkì ni ààbò aláìsàn, èyí sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò kì í ronú kàn. Gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò fún kòkòrò apa sójà ara, fún oríṣi méjì àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní B àti C, àti fún sífílísì. Àyẹ̀wò náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àlàfo kan. Ẹni tó kó kòkòrò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè dúró níwájú ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ má tíì rí i. Ohun tó ń dí àlàfo yìí ni irú ẹni tó jókòó sórí àga. Ẹni tó wá nítorí owó ní ìdí láti pa irọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bi í léèrè ìgbé ayé rẹ̀. Ẹni tí ẹbí fà wá pẹ̀lú omijé lè pa irọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tí wọ́n ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí gbogbo rẹ̀ sì dára, tó mọ̀ pé òun á tún wá lóṣù mẹ́ta sí i, ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣeé fọkàn tán jù. Ní 1970, ọ̀mọ̀wé ará Britain kan, Richard Titmuss, kọ ìwé tó fi Amẹ́ríkà wé ilẹ̀ rẹ̀, ó sì jiyàn pé ẹ̀jẹ̀ tí a rà léwu ju èyí tí a fi tọrẹ lọ. Àwọn ènìyàn ti bá a jiyàn lórí àwọn nǹkan mìíràn látìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà WHO títí di òní ni pé kí orílẹ̀-èdè gbára lé àwọn tó ń fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń padà wá.

Kò sì sí ohun tuntun nínú kí àdúgbò kan dá irú àáró yìí sílẹ̀. Ní 1921, ní Camberwell ní gúúsù London, ilé ìwòsàn King's College pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Red Cross ti àdúgbò pé àwọn nílò ẹni tó máa fún aláìsàn kan ní ẹ̀jẹ̀ ní kíá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, Percy Lane Oliver, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kan láàárín wọn, tó ń jẹ́ Linstead, ló bá ti aláìsàn náà mu. Oliver lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí iṣẹ́ àánú ọjọ́ kan. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi tẹlifóònù ilé rẹ̀ àti àwọn káàdì tó kọ orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣetán sí dá ètò kan sílẹ̀ tí ilé ìwòsàn lè pè nígbàkigbà. Ibẹ̀ ni ètò ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti Britain ti hù. Camberwell yìí múlé ti Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti yípo padà sọ́dọ̀ wọn: ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀jẹ̀ ní England ń bẹ àwọn adúláwọ̀ pé kí wọ́n jáde, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ro, tí àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde nílò gan-an. Wọ́n ní ó wà lára nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn adúláwọ̀, nígbà tó jẹ́ ìdá 2.4 péré láàárín àwọn yòókù. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí náà, Zimbabwe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1989 fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣèlérí láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 25, àpẹẹrẹ náà sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Káàdì, fóònù àti ìlérí ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ Jabi kò tó.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ká wo ibi tí nǹkan ti ń wọ́. Ẹni tó bá wá kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á wọn ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ó yẹ kó tó kílógíráàmù 50, wọ́n á sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì á fi abẹ́rẹ́ tínńrín gún orí ìka rẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo kán sínú ìgò tí omi búlúù bí aró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀kán náà bá rì kíá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki tó. Bí ó bá léfòó tàbí tó dúró láàárín, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kó padà wá. Ẹni tó bá yege á na ọwọ́ rẹ̀ sórí àga, á máa fi ìka fún bọ́ọ̀lù kékeré, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń rọra mi àpò náà síwá sẹ́yìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì kó tó pò mọ́ omi oògùn inú rẹ̀. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan bí mílílítà 450 á ti wọ inú àpò. Bí ìgò omi búlúù yẹn nìkan bá di ohun tí wọ́n gbàgbé sílé, gbogbo ọjọ́ ti dúró. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá kọ̀, tí yìnyín inú kúlà bá yọ́ nínú oòrùn Abuja, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lè má ṣeé lò mọ́. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀nà fún wákàtí méjì, àwọn tó jí wá ní aago mẹ́jọ á ti lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá mú ọjọ́ náà sínú ààwẹ̀ Ramadan ní ọ̀sán, tàbí sí àárín òjò oṣù Kẹjọ lábẹ́ kánópì tó ń jò, kí wọ́n má retí èrò.

Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo àwọn àṣìṣe wọ̀nyí, yóò rí i pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: àṣìṣe ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ní ibì kan náà ti mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé ní aago mọ́kànlá, ó ti mọ ẹni tó ní ẹ̀rọ amúnáwá tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó ti kọ ìgò omi búlúù sí orí ìwé ìrántí rẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé nínú ènìyàn 50 tó bá wá, àwọn kan kò ní yege, kí ó pe 70. Kò sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó lè fún un ní ìmọ̀ yìí bí kò ṣe kó padà. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ọjọ́ kan tó rọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì dá a dúró, ti san owó ilé ẹ̀kọ́ láìgba ìwé ẹ̀rí.

Àṣìṣe kan wà tí kì í ṣe ti òjò, tí kì í ṣe ti ọkọ̀, tó sì burú ju gbogbo wọn lọ: ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹnì kan fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba mọ́ọ̀tì àti bísíkíìtì, ó lọ. Kò gbọ́ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kò gbọ́ èsì àyẹ̀wò, kò gbọ́ bóyá wọ́n lò ó, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti parí. Ìwádìí lórí àwọn olùtọrẹ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fi hàn pé ẹni tí òòyì kọ́ tàbí tó dákú nígbà àkọ́kọ́ kì í sábà padà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí wọ́n fi ìdúró pẹ́ dá lágara. Méjèèjì ló ní oògùn tí kò wọ́n: ife omi ńlá kan kí abẹ́rẹ́ tó wọlé ń dín òòyì kù, àkókò tí a pín fún kálukú sì ń dín ìdúró kù. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì kò náni ju owó ìpè lọ. Iṣẹ́ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni gan-an nìyí. Nọ́ọ̀sì kò ní àyè láti máa pe ènìyàn 40 lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àgùnbánirọ̀ méjì lè ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dáhùn àwọn tó ní èrò mìíràn, nítorí èrò wọn kì í ṣe òfo. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ní iṣẹ́ ìjọba ni èyí, kí aráàlú má fi ọwọ́ bọ iṣẹ́ tí kò mọ̀. Ìjọba ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́. Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ní 2021 sì ni òfin sọ ọ́ di àjọ pátápátá, National Blood Service Commission, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja. Àwọn òṣìṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn ló yẹ kó gún abẹ́rẹ́, kó ṣe àyẹ̀wò, kó tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Aráàlú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kó ènìyàn jáde nílé. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ alága ẹ́sítéètì, tó mọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ awakọ̀ gáréèjì, tó mọ̀ pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni èrò pọ̀ jù. Ará àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni ilé iṣẹ́ LifeBank tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2016 ṣe rí i pé ìrìn-àjò ẹ̀jẹ̀ láti ibi tó wà dé ibi tí wọ́n nílò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì fi ọkùnrin àti obìnrin orí alùpùpù sí ojú ọ̀nà. Ìjọba, oníṣẹ́ ìlera, oníṣòwò àti ará àdúgbò, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìkejì ni ìbéèrè tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí mo bá fi ẹ̀jẹ̀ mi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí ilé ìwòsàn fi ń gba owó lórí rẹ̀? Ìbéèrè yìí tọ́, kò sì yẹ ká fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, àpò kì í ṣe ọ̀fẹ́, àyẹ̀wò àrùn mẹ́rin kì í ṣe ọ̀fẹ́, iná tí fíríìjì ń lò tọ̀sán-tòru kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó iṣẹ́ ni, ó sì yàtọ̀ sí owó ọjà. Ṣùgbọ́n àlàyé ẹnu kò tó. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ènìyàn padà yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ibùdó tó ń bá ṣiṣẹ́ pé: èló ni aláìsàn ń san lórí àpò kan, kí ni owó náà wà fún, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò lówó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sójú pátákó níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Ibùdó tó bá kọ̀ láti dáhùn, kí ẹgbẹ́ wá òmíràn. Ohun tó ń pa ìgbẹ́kẹ̀lé ni òkùnkùn, ìgbẹ́kẹ̀lé sì ni gbogbo owó tí àáró yìí ní lápò.

Ìkẹta ni ẹ̀rù. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ tó lọ kò ní padà, pé ara á máa rẹ àwọn títí. Lítà márùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀ ló wà lára àgbàlagbà. Èyí tí wọ́n gbà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara ti dá omi inú rẹ̀ padà; àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ọkùnrin dúró oṣù mẹ́ta, kí obìnrin dúró oṣù mẹ́rin. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù òògùn owó, ẹ̀rù yìí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ìròyìn burúkú ló ń bọ́ ọ. Ọ̀nà tó dára jù láti dáhùn ni pé kí ohun gbogbo wà ní gbangba: nọ́ńbà kan lórí àpò, nọ́ńbà kan náà lórí káàdì olùtọrẹ, àti ìpè tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà láti sọ èsì. Ojú tí ènìyàn ti rí lẹ́ẹ̀mẹta ní ibì kan náà kì í dẹ́rù bà á mọ́. Àlejò ọjọ́ kan ló ń fura sí. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í sì í gbà á sára, ìgbàgbọ́ wọn ni, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ní ti ọ̀pọ̀ Kristẹni àti Mùsùlùmí yòókù, iṣẹ́ àánú ni àwọn aṣáájú wọn ka ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu lémọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ sì ju ìwé ìkéde 1,000 lọ.

Ìkẹrin ni àwọn tó ní àpò 15 kò tó nǹkan, pé wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpò kan tí wọ́n bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta lè dé ara aláìsàn mẹ́ta. Àpò 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mélòó ni? Ṣùgbọ́n 15 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún jẹ́ 60, láti àdúgbò kan péré. Ẹ sì rántí pé ẹ̀jẹ̀ pupa kì í ju ọjọ́ 35 lọ, nígbà tí olùtọrẹ kan náà kò lè padà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Jabi nìkan kò lè dí àlàfo yìí. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí àdúgbò mẹ́ta tó múlé tira so pọ̀: Jabi ní oṣù Kìíní, Utako ní oṣù Kejì, Life Camp ní oṣù Kẹta, kí ó sì tún padà sí Jabi ní oṣù Kẹrin. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ tuntun á máa wọlé lóṣooṣù kí ti àtijọ́ tó bàjẹ́, tí kò sì ní sí ẹni tí a fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, níwọ̀n ìgbà tí obìnrin bá ń fo ìyípo kan kó tó padà. Kánópì kan náà, òṣùwọ̀n kan náà, àga kan náà ni wọ́n á máa yá ara wọn. Àáró gan-an nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ṣe é lóko: ọwọ́ kéékèèké, ọjọ́ tó dájú, ìyípo tí kò dáwọ́ dúró. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan ní Jabi tàbí níbikíbi, tí nǹkan wọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ọjọ́ yẹn parí ọ̀rọ̀. Ẹ ti ní ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní: orúkọ àwọn tó wá, àti ìmọ̀ ohun tó bàjẹ́. Ẹni tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léfòó lójú omi búlúù lọ́jọ́ náà ń retí kí ẹnì kan sọ fún un pé kó padà wá. Ẹni tó yege ti ń gbàgbé. Àwọn méjèèjì wà nínú ìwé orúkọ tẹ́ ẹ ká mọ́ abẹ́ àga. Kí ẹ tó dá kánópì padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ tó ka àga, kí ẹ tó ka àpò pàápàá, ẹ mú gègé, kí ẹ kọ ọjọ́ tó ń bọ̀ sẹ́yìn káàdì kálukú: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ibí yìí kan náà. Aláìsàn tí kò tíì wọ ilé ìwòsàn ni ẹ ń kọ ọ́ fún.